Èémí Tí Wọ́n Yá Lọ́wọ́ Bàbá Káfíńtà

Ohun tí ń lé oorun lójú èèyàn pọ̀ láyé, ṣùgbọ́n èyí tí ń lé èèyàn kiri lójúmọmọ, òun ló nira jù. Láti ìgbà tí Bàbá Káfíńtà ti kú, kò sí ibi tí Ìyá Jẹ́jẹ́ kò ti gbọ́ èémí rẹ̀. Bí omi bá ń hó lórí iná, èémí náà ni. Bí ọkọ rẹ̀ bá ń wọ́ bàtà nílẹ̀, òun náà ni: fífà gígùn kan, ìdákẹ́, lẹ́yìn náà fífà kúkúrú, bí ayùn tó há sínú igi tútù.

"Kí lo ń tẹ́tí sí?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

"Kò sí," ló dáhùn, ó sì ń tẹ́tí lọ.

Nọ́ọ̀sì ni. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ ní Ìyá Jẹ́jẹ́, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún, ohùn rẹ̀ kì í ga, abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀ a sì ti wọlé kí aláìsàn tó rántí pé òun fẹ́ ké. Bàbá Káfíńtà fẹ́ràn rẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló gbé bàbá náà dé ilé ìwòsàn, ọ́síjìn tó ń gbà láti inú ìbòmú ni kò sì jẹ́ kó rì. Síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sinmi.

"Ìyá Jẹ́jẹ́, ta ló kan bẹ́ẹ̀dì yìí?"

"Wọn ò kàn án, Bàbá. Irin ni."

"Mo kúkú mọ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń yí ló ń fẹjọ́ mi sùn. Tí mo bá dìde, màá kan èyí tó dáa fún yín. Ìwọ gan-an á fẹ́ ṣàìsàn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí bàbá náà kú, wọ́n gbé ìyá ìkókó kan wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú bí aró. Àgbá ọ́síjìn kan ṣoṣo ló kù tí nǹkan wà nínú rẹ̀, òun ni Bàbá Káfíńtà sì ń fi mí. Ọkọ̀ tó ń kó òmíràn bọ̀ kò tíì dé. Láti òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ó wà lọ́nà. Dókítà wo bàbá, ó wo obìnrin náà, ó wá wo ilẹ̀.

"Ẹ gbé e fún obìnrin yẹn."

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun ó wọ́."

Òwe náà bọ́ sí i, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àgbà tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pòwe, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ìyá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n rán sí i, torí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òtítọ́ ló gbé dé ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Bàbá, mo fẹ́ yá a fún ẹnì kan ni. Mò ń bọ̀ wá dá a padà."

Bàbá wò ó. "Kò ní pẹ́?"

"Kò ní pẹ́."

"Ó dáa. Irinṣẹ́ mi náà, mo máa ń yá àwọn èèyàn." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ìbòmú náà, ó nà án sí i bí ẹni ń na òòlù sí aládùúgbò.

Ẹni tí a bá sọ fún pé à ń bọ̀ kì í ti ilẹ̀kùn. Ojú bàbá kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò pè é, kò ráhùn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ. Ìyá ìkókó yè.

Kò sẹ́ni tó dá Ìyá Jẹ́jẹ́ lẹ́bi. Dókítà ní bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́la, bákan náà làwọn máa ṣe. Òun náà mọ̀. Gbígbé àgbá kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. "Mò ń bọ̀" tó sọ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọbìnrin bàbá náà wá sí yàrá tí àwọn nọ́ọ̀sì ti ń pààrọ̀ aṣọ. Aránṣọ ni, ó ju Ìyá Jẹ́jẹ́ lọ dáadáa, ọ̀nà jíjìn ló sì ń gbé. Kò débẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó kú.

"Àbúrò mi, ṣé ìwọ ni Ìyá Jẹ́jẹ́? Bàbá mi ròyìn rẹ lórí fóònù títí mo fi ń jowú. Èmi nìkan ṣoṣo ló bí. Ó ní a ti di méjì, pé èyí èkejì ń wọ aṣọ funfun."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè:

"Ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀, tí í rẹ ìrora bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún,
Arìnjẹ́jẹ́ bí ìrì òwúrọ̀,
O sin bàbá mi dé bèbè, o ò fi í sílẹ̀.
Bí o ṣe ṣe é fún bàbá mi,
Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe é fún bàbá tìrẹ,
Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe é fún ọkọ rẹ,
Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe é fún ọmọ tí o bí."

Ó dúró de àmín. Àmín ò wá. Àdúrà náà wà láàárín wọn bí àlejò tí wọn ò fún níjòókòó.

"Ṣé o ò ní ṣàmín ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ọmọ mi sí i." Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún, ó sì sọ ọ́: àgbá, obìnrin tó ń kú lọ, ìbòmú tí bàbá fúnra rẹ̀ yọ, ojú tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ọwọ́ aránṣọ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Ta ni wọ́n gbé e fún?"

"Mi ò lè sọ ìyẹn."

"Ó yè?"

"Ó yè."

"Kí Ọlọ́run dá a sí." Ó jókòó. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ká ní o sọ òótọ́ fún un, á fún un. Mo mọ bàbá mi. Ẹ̀bùn ni ì bá jẹ́. Ìwọ lo sọ ọ́ di àyálò, ó wá kú síbi tó ti ń retí rẹ̀."

Ìyá Jẹ́jẹ́ fi etí aṣọ nu ojú.

"Mi ò sí níbẹ̀," ni aránṣọ wí. "Ìwọ wà níbẹ̀. Báwo ló ṣe ń mí?"

"Ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ kí n gbọ́."

Ìyá Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Fífà gígùn kan, ìdákẹ́, fífà kúkúrú. Aránṣọ di ojú, ó tẹ etí sí i. Ó ń gbọ́ ọ, ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tó rẹ Ìyá Jẹ́jẹ́ lẹ́nu, tó sì fẹ́ pa ẹnu dé, aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tíì dákẹ́," ló wí.