Ọjọ́ Tí Ìyá Elisha Máa Sùn ní Tùríìnì

Láti ọjọ́ tí Elisha ti ní kí ìyá òun wá ṣe họ́lídè ní Ítálì, Odigbo kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu Ìyá Elisha mọ́. Ó sọ fún ọlọ́kadà tó gbé e lọ sí Ore, ó sọ fún ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ fún pásítọ̀, pásítọ̀ náà sì sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ. Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni kò sì fi ojú kàn án. Bàbá ọmọ náà ti kú láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Nínú ilé tí wọ́n jọ kọ́, tí obìnrin náà bá sín, òun náà ló máa kí ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́.

Tíṣà Àyànlọ́wọ̀ ló ń bá a ṣètò ìrìnàjò náà. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Tíṣà, ìjọba ló gbé e wá sí Odigbo láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní Jọ́gíráfì. Ó kọ́ wọn títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì padà sílé, nítorí kò sí ẹni tó ń retí rẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti lọ bá ọmọ wọn gbé ọmọ-ọmọ jó l'Ábùjá láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òmùgọ̀ nìkan ló sì tún máa bi Tíṣà pé ìgbà wo ni màdáámù ń bọ̀. Máàpù ayé kan wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ tó ti gbó débi pé àwọn orílẹ̀-èdè kan tó wà nínú rẹ̀ kò sí láyé mọ́. Ó fi ọ̀pá ìtọ́ka han Ìyá Elisha pé Ítálì rèé, èyí tó rí bí bàtà òjò tí wọ́n ń wọ̀ lọ sóko. Obìnrin náà sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, ó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wá nìyẹn, èkejì dà?

Ẹ wá wo ètò tí Ìyá Elisha fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe. Lójú tirẹ̀, èèyàn kì í ṣàdédé wọ ìlú tí kò ti ní ẹni tó máa kí. Torí náà, kò béèrè ohun tó wà ní Róòmù. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń béèrè. Ó yí Odigbo ká, ó gun ọ̀kadà dé Ajue, ó ń wá ẹni tí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ wà ní Ítálì. Ó rí mẹ́ta. Ìyá Pẹ̀lúmi ní ọmọ ní Róòmù, ó di púpurú ẹ̀gẹ́ àti ẹja gbígbẹ lé e lọ́wọ́. Ọlọ́runyọmí tó ń fún epo l'Ájue ní àbúrò ní Flọ́rẹ́ńsì. Ìyá ìjọ kan ní ọmọkùnrin ní Mìlán, ẹ̀gúsí ni tirẹ̀. Nínú àwọn ìlú tí Tíṣà kà sílẹ̀, Fẹ́níìsì nìkan ni kò ní ẹnì kankan, Ìyá Elisha sì ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Tíṣà fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún. Ó ní orí omi ni ìlú yẹn wà, pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ sílé ara wọn, pé gbogbo ayé ló ń lọ wò ó. Ìyá Elisha bi í bóyá ó yẹ kí òun wọ bàlúù nítorí ilé orí omi, nígbà tí àwọn Ìlàjẹ ń bẹ l'Áyétòrò níbí. Ojú Tíṣà rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi ní ó dáa, kí Fẹ́níìsì dúró, nítorí tirẹ̀ ni.

Ìlú tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni Tùríìnì. Ibẹ̀ ni Elisha ń gbé. Ọmọ náà ti fi fọ́tò kan ránṣẹ́ rí, ó dúró síwájú ilé gíga kan tí òdòdó wà lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Elisha ti fi fọ́tò náà sínú férémù. Ó ti ka àwọn fèrèsé náà, méjìlá ni, ó sì ti mú ọ̀kan lọ́kàn ara rẹ̀ pé lẹ́yìn ibí yìí ni òun máa sùn sí. Róòmù, Mìlán, gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ohun tí obìnrin yìí ń fẹ́ ni kó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Elisha fi ètò ìrìnàjò náà ránṣẹ́ sórí fóònù, èyí tí àwọn tó ń mú àlejò kiri ìlú ṣe. Ìyá Elisha gbé fóònù náà lọ sí Ore, sí ṣọ́ọ̀bù Rachel tó ń tẹ ìwé jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀, Rachel sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ojú ewé kan. Gẹ̀ẹ́sì ni. Bíbélì Yorùbá ni Ìyá Elisha lè kà. Ó ká ìwé náà sínú aṣọ kó má baà rún, ó sì gbé e lọ fún Tíṣà.

Tíṣà kọ́kọ́ kà á sínú. Ó húkọ́. Ó ní irú ìwé báyìí, èèyàn kì í kánjú kà á, kí àwọn máa mú un ní ìlú kan lójúmọ́. Ni Ìyá Elisha bá ń wá ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, Tíṣà á bó o jẹ, á sì máa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni bàlúù máa balẹ̀ sí Róòmù, ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Flọ́rẹ́ńsì, ọjọ́ méjì. Mìlán, ọjọ́ méjì. Fẹ́níìsì, ọjọ́ méjì, ó parí. Obìnrin ọmọ Benin kan tó gbọ́ Pijin ló máa mú un kiri. Tíṣà sọ fún un nípa ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ga ju igi àràbà lọ, ó sọ nípa afárá tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí lórí. Ó tún sọ nípa bí wọ́n ṣe ń dúró mu kọfí nínú ife kékeré tí kò lè pa òùngbẹ ọmọ ọwọ́. Ó pẹ́ tí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ti jáde nínú pálọ̀ yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ karùn-ún, Ìyá Elisha jókòó, ó ní ó ku Tùríìnì.

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Tùríìnì kò sí nínú ìwé náà, Ìyá Elisha."

Ìyá Elisha ní kó wo ẹ̀yìn ìwé náà. Tíṣà mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó yí i padà, ó wò ó. Ni obìnrin náà bá bi í ìgbà tó ti mọ̀.

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́," ni Tíṣà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò ní padà wá gbọ́ èyí tó kù."

Inú bí Ìyá Elisha gan-an. Ó kó àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tòun ti èyí tí Tíṣà kò tíì jẹ, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó délé, ó rí i pé kì í ṣe Tíṣà ni òun ń bínú sí. Ó jókòó ti férémù náà, ó ń ro ohun tó lè fà á. Bóyá Elisha ti fẹ́ òyìnbó tí kò fẹ́ rí ìyá ọkọ. Bóyá ó ti bímọ, kò sì sọ. Bóyá òun ló ń ti ọmọ náà lójú, ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti là lóko. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló dùn ún jù, òun náà ló sì gbà gbọ́ jù.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ti oko dé ló pè é. Kò béèrè àlàáfíà, kò béèrè òtútù.

"Elisha, ọjọ́ wo ni mo máa sùn nílé rẹ?"

Ìyá rẹ̀ gbọ́ bí ọmọ náà ṣe rọra ti ilẹ̀kùn.

"Iye," ló wí, bí àwọn ọmọ Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá wọn, "mi ò nílé."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ilé tó wà nínú fọ́tò kì í ṣe tirẹ̀, ilé bàbá arúgbó kan ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara rẹ̀. Elisha ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń jí lóru láti yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara rẹ̀ má baà bó. Yàrá kékeré kan tó kángun sí ti bàbá náà ló ń sùn, àwọn ọmọ bàbá náà kò sì fẹ́ kó gba àlejò. Ọjọ́ Sunday nìkan ló ní fún ara rẹ̀. Ó máa wọ rélùwéè wá bá ìyá rẹ̀ ní Mìlán lọ́jọ́ Sunday tí ìyá náà máa wà níbẹ̀, láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní ọdún mẹ́ta lòun ti ń tọ́jú owó ìrìnàjò yìí. Ohun tí òun kò lè fún un nínú ilé, kó rí i ní ìgboro, kó sùn nínú hòtẹ́ẹ̀lì tó dáa, kó lè sọ pé òun jẹ ìgbádùn ọmọ.

Ìyá Elisha gbọ́ ọ títí. Oṣù méje ni Bàbá Elisha dùbúlẹ̀ kó tó kú. Òun nìkan ló ń yí i, òun nìkan ló ń wẹ̀ ẹ́, tí ọkọ rẹ̀ á sì máa béèrè ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, òun á ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Kò mọ̀ pé iṣẹ́ náà nìyí.

"Kí lo máa ń pè é?" ló bi ọmọ rẹ̀.

"Bàbá ni mò ń pè é, Iye. Mo kọ́ ọ ní ìtumọ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i."

Ohùn arúgbó kan ké láti ẹ̀yìn. Elisha gbé ẹnu kúrò lójú fóònù, ó dá a lóhùn ní èdè wọn, ohùn rẹ̀ rọ̀, ohùn tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti kúrò ní ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: Ìyá Elisha jowú. Ó jowú arúgbó aláìsàn tí kò mọ̀ rí, lẹ́yìn náà ó káàánú rẹ̀, ó káàánú ọmọ rẹ̀, ó sì wá káàánú ara rẹ̀ jù.

Ó ní kó lọ dá bàbá náà lóhùn dáadáa, kí oúnjẹ rẹ̀ má tutù.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ Tíṣà. Kò gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, Tíṣà kò sì retí rẹ̀. Àga tó jókòó sí ló dìde kúrò lórí rẹ̀ fún un. Ó sọ fún Tíṣà ohun tí Elisha sọ, ó ní kó mú ìwé àti bírò, kí àwọn ṣe ètò tuntun, ti ọjọ́ Sunday nìkan. Tíṣà fa ìlà méje.

Ìyá Elisha ní aago méje ni òun á ti wà níbi tí rélùwéè ń dúró sí. Tíṣà ní aago mẹ́sàn-án ni ọmọ náà ń bọ̀. Ó ní òun gbọ́. Láti mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, kò sí ọ̀rọ̀, òun á kàn máa wo ojú rẹ̀ ni. Láti mẹ́wàá sí mọ́kànlá, kó jẹun, púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ tí òun máa gbé láti ilé. Tíṣà kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé kí wọ́n bẹ àwọn ará hòtẹ́ẹ̀lì kí wọ́n bá wọn gbé e kaná. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n jọ gbàdúrà, kí òun sọ gbogbo bí bàbá rẹ̀ ṣe kú fún un, torí òun kò tíì sọ ọ́ tán fún un rí. Ó wá ní láti aago kan sí aago mẹ́ta, kó kọ "oorun" síbẹ̀.

Tíṣà gbé bírò sókè. Ó ní wákàtí méje péré ni gbogbo rẹ̀, ṣé Ìyá Elisha fẹ́ fi méjì sùn nínú rẹ̀ ni?

"Kì í ṣe èmi. Ọmọ tí wọ́n ń jí lẹ́ẹ̀mejì lóru. Kó wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó sanwó rẹ̀. Èmi á máa wò ó."

Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Láti mẹ́ta sí mẹ́rin, kí Ìyá Elisha sìn ín lọ sídìí rélùwéè. Ìlà méje náà kún. Tíṣà wò ó, ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó ní ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Róòmù wà níbẹ̀, Flọ́rẹ́ńsì wà níbẹ̀, Fẹ́níìsì tòun tomi rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ni kí òun kọ sí wọn?

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Tíṣà," ni Ìyá Elisha wí. "Elisha kò ní sí níbẹ̀, dídá wà kì í sì í ṣe ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́."