Àwọn Àlejò Tíṣà Garmai

Láti ìgbà tí ìjọba ti fa ilé-ìwé ìlú wọn, lẹ́bàá ìlú Gbarnga, lé ilé-iṣẹ́ kan lọ́wọ́, Tíṣà Garmai kò ráyè dá ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Ọdún méjìlélógún ló ti fi kọ́ ọmọ, tábúlẹ́ẹ̀tì ilé-iṣẹ́ náà ló wá ń kọ́ òun náà lọ́rọ̀ sọ. Ohun tó bá hàn níbẹ̀ ni kó kà, kò gbọdọ̀ fi kún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí i. Àkọ́kọ́, ó dá ẹ̀kọ́ dúró láti kí olórí ìlú. Ìkejì, ó dáhùn ìbéèrè Yamah, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó bá di ẹ̀kẹta, ilé yá. Iṣẹ́ yìí ló sì fi ń bọ́ ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Tokpah, alábẹ̀wò ilé-iṣẹ́ náà, yọ lẹ́nu ọ̀nà, Garmai kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ẹ̀yà Kpelle bíi tiwọn ni Tokpah. Ó ń retí, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, kí wọ́n gbé omi wá, kí obì funfun tẹ̀ lé e, kí wọ́n wá bi í pé kí ló gbé e wá. Ó retí retí. Ó wúkọ́.

"Ẹ ka gbólóhùn kejì," Garmai ń kà.

"Ẹ ǹlẹ́ o, Tíṣà!"

"Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ma Garmai! Ṣé omi ti gbẹ ní ìlú yìí ni?"

Garmai yí ojú tábúlẹ́ẹ̀tì sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan: *Má ṣe dá ẹ̀kọ́ dúró nítorí ẹnikẹ́ni.* Inú rẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀.

Odindi wákàtí kan ni Tokpah fi dúró nínú oòrùn. Ó fún Garmai ní máàkì ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò kò ní àyè fún ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́.

"Àbí òpó ni mí?" ló bi í nígbà tó ń lọ.

"Ẹ bá wọn sọ ọ́ ní ilé-iṣẹ́ yín, sà."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ìlà tuntun wọlé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Garmai kà á sókè, torí gbogbo ohun tó bá hàn ni kó kà: *Bí àlejò bá kàgò, dá ẹ̀kọ́ dúró. Fún un lómi. Bi í pé kí ló gbé e wá. Dá a lóhùn tán kí o tó tẹ̀síwájú.*

Yamah ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò pẹ́, wọ́n gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà.

"Àgò o!"

Yamah ló dúró síbẹ̀, ó ti ikùn síwájú bíi Tokpah gan-an.

Garmai wo tábúlẹ́ẹ̀tì, ó wo ọmọ. Ó bu omi fún un. "Àlejò, kí ló gbé ọ wá?"

"Tíṣà, mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Kí ló dé tí ìdámẹ́rin fi kéré sí ìdámẹ́ta?"

Garmai yọ obì funfun tí kò fún Tokpah jẹ, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, ó sì ń ṣàlàyé. Ó tó oṣù mẹ́fà tó ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kẹ́yìn nínú ẹ̀kọ́. Ó kù díẹ̀ kó sunkún.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kò sí ọmọ kankan lórí bẹ́ǹṣì mọ́. Ogójì àlejò ló tò sẹ́nu ọ̀nà, kálukú mú ife tirẹ̀ dání.