Eyín Ogún Lẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Mẹ́tìrì

Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn ni Sévérin bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè tó wà lọ́nà Koko, tó sì tì í gòkè bí ẹni ń ti ewúrẹ́ tó kọ̀ láti rìn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni. Ó ti kọ́ àwọn ọmọdé níwèé ní Bantè fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, nítorí náà Mẹ́tìrì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, títí kan àwọn tí kò kọ́ rí. Látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí Yolande ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tó ń mú un jáde nílé. Lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú, òun ló ń gbé Ara Olúwa lọ fún àwọn aláìsàn tí kò lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, nínú àwọn abà tó wà láàrin Bantè àti Koko.

Ẹni tó bá gbé Ara Olúwa dání kì í dúró kí èèyàn lọ́nà, kì í sì í fọhùn. Àwọn ará abà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí àpò funfun kékeré tó so mọ́ ọrùn Mẹ́tìrì, wọn a yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọn a tẹ orí ba, àti àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń ṣe èyí fún. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́, tó ń mí gúlegúle, tó sì ń tiro, ẹni tó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni lójú tiwọn. Wọn a sáré wá bá a, wọn a bi í pé kí ló ṣe ẹsẹ̀, wọn a máa bá a fa kẹ̀kẹ́, òun kò sì lè dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, obìnrin kan tó ń sá èlùbọ́ lẹ́bàá ọ̀nà bínú. Ó ní òun kí Mẹ́tìrì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wo òun bí ìgbà tí wọ́n ń wo ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Mọ̀npẹ́ẹ̀ Euloge, àlùfáà ìjọ. Kò bá Sévérin wí. Ó fà á jókòó lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kò sẹ́ni tí yóò sọ pé kò ṣe tó, pé ara kì í ṣe irin. Étienne, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìjọ tó ti gbéyàwó, ní alùpùpù. Bí orúnkún Mẹ́tìrì kò bá gbádùn títí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Étienne ni yóò máa gbé àpò náà lọ. Sévérin ní ó dáa. Ìgbà tó délé tó jókòó sórí àga, tí ilé sì dákẹ́ yí i ká, ló tó mọ̀ pé kò dáa rárá.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó wọ tasí lọ sí Savalou, kí wọ́n lè ya fọ́tò eegun orúnkún rẹ̀ fún un. Ó ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní orúnkún ti jẹ tán, kó máa lo òróró, kó máa jókòó. Láàrin àwọn tó ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, èdè Mahi ni gbogbo wọn ń sọ, ìdajì rẹ̀ ló ń yé e, ó sì fi ìyẹn ṣe àwáwí láti má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tó wọlé, ó yà á lẹ́nu pé Yorùbá ni obìnrin tó ń tọ́jú oríkèé ara fi kí i. Wassila lorúkọ rẹ̀. Yorùbá ni bàbá rẹ̀ tó ń tajà lọ́jà Savalou. Ó gbé fọ́tò náà síwájú fèrèsé, ó wò ó pẹ́. Ó tẹ orúnkún náà níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó ní kí ó nà án, kí ó ká a. Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé kí ló máa ń gùn.

Sévérin ní kẹ̀kẹ́ ni. Wassila bi í bóyá kẹ̀kẹ́ tuntun ni. Ó ní rárá, ó ti lé ní ogún ọdún lọ́dọ̀ òun. Obìnrin náà tún bi í bóyá ohun kan yí padà lára kẹ̀kẹ́ náà kí orúnkún tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ti fẹ́ dáhùn pé rárá, ó wá rántí.

Ohun kan yí padà. Nígbà ayé Yolande, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ni Yolande máa ń jókòó sí, tòun ti agbọ̀n rẹ̀, tòun ti iṣu nígbà mìíràn. Nítorí rẹ̀ ni Moumouni, atúnkẹ̀kẹ́ṣe tó wà nítòsí ọjà Bantè, ṣe fi irin eléyín ńlá sí táyà ẹ̀yìn, èyí tó ní eyín méjìlélógún, kí ẹsẹ̀ Sévérin lè gbé èèyàn méjì gòkè. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe Mísà ogójì ọjọ́ Yolande tán, Sévérin ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá Moumouni, ó ní kó yọ irin náà. Ó ní èèyàn méjì ni wọ́n fi í sí fún, ẹnì kan lòun báyìí. Moumouni kò wí nǹkan kan. Ó yọ ọ́, ó fi kékeré sí i, eléyín mẹ́rìndínlógún. Sévérin kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ó wá ń sọ ọ́ fún àjèjì ní Savalou, ó ń wo ilẹ̀.

Wassila na ọwọ́ sí fèrèsé. Ó dá fọ́tò náà padà sínú àpò ìwé.

“Orúnkún yín kò tíì darúgbó, Bàbá,” ló wí. “Ẹrù lẹ gbé lé e.”

Ó ní eegun náà dáa fún ọjọ́ orí rẹ̀, pé kó sinmi títí Sátidé, kó sì wá ẹni tí yóò dá ohun tó rọrùn padà sí kẹ̀kẹ́ náà. Sévérin jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Àwọn alùpùpù ń wọlé, wọ́n ń jáde, eruku ń dìde. Ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò sì dá a dúró.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ Moumouni, ó sọ ohun tí wọ́n sọ fún un ní Savalou. Moumouni nu ọwọ́ tó kún fún gírísì sára aṣọ, ó sì yí ojú kúrò.

“Mẹ́tìrì, mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò dáa.”

“O mọ̀, o sì fi sí i?”

“Ojú yín kò rí bí ojú ẹni tí a lè bá jiyàn. Bí ẹ bá ní kí n yọ táyà méjèèjì ni, ǹ bá yọ wọ́n.”

“Ó yẹ kó o sọ fún mi.”

“Èmi wo? Èmi tí ẹ nà ní kíláàsì nítorí ìṣirò ìpín?”

Sévérin rántí. Ó nà án lóòótọ́, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn ogójì ọdún. Moumouni ní òun ti gbàgbé, ó sì ka gbogbo ìpín tó ṣì ní ọjọ́ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó wá dojú kẹ̀kẹ́ dé, ó fi ẹfun sàmì sára táyà ẹ̀yìn, ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan géérégé. Àmì ẹfun náà ń yí lọ. Ó ku díẹ̀ kí ó pé ìgbà mẹ́ta kí ó tó dúró. Ó ní kí Mẹ́tìrì wá ṣàlàyé ìyẹn fún òun. Sévérin gba ẹfun náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe ìpín náà sórí sìmẹ́ǹtì. Irin iwájú ní eyín mẹ́rìndínláàádọ́ta, ti ẹ̀yìn ní mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, táyà ń yí fẹ́rẹ̀ẹ́ ìgbà mẹ́ta: ó ń lọ jìnnà, ṣùgbọ́n orúnkún ló ń ra ìrìn náà. Pẹ̀lú méjìlélógún, ìgbà méjì àti díẹ̀ ni. Ó ń wo ìṣirò tó kọ, ó rí i pé bí òun bá fi í síwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá, ọmọ náà yóò sọ fún òun.

Kò sí èyí tí wọ́n lè yàn lórí sìmẹ́ǹtì. Moumouni kó irin eléyín mẹ́ta sínú àpò pẹ̀lú àwọn irinṣẹ́, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé Mẹ́tìrì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀ òkè ọ̀nà Koko.

Ti méjìdínlógún ni wọ́n kọ́kọ́ dán wò. Ó gbé e dé ìdajì òkè, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó yí padà. Moumouni bọ́ ọ, ó fi méjìlélógún sí i, irú èyí tó wà níbẹ̀ látijọ́. Sévérin fọwọ́ kàn án kí ó tó gùn ún. Ó gòkè láìmí hẹlẹ, bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tó tẹ́jú lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí bí ẹni ń po ẹyin, kẹ̀kẹ́ kò sì yára. Ọ̀nà tó tẹ́jú gùn títí dé Koko. Ó mọ̀ pé òun kò lè dé abà tó kẹ́yìn báyìí kí oòrùn tó pa òun. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí Moumouni bọ́ ìyẹn náà. Moumouni wò ó lójú, ó bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú.

Ogún ló kù. Moumouni sún táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn díẹ̀ kí ṣéènì lè le, ó dè é. Sévérin gùn ún lọ sókè. Òkè náà kò rọrùn, ó fipá tẹ̀ ẹ́, òógùn bọ́ sí i lójú, ṣùgbọ́n iṣan itan ló ń ṣiṣẹ́, orúnkún dákẹ́. Ó lọ síwájú lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó pẹ́ kí ó tó padà, tó bẹ́ẹ̀ tí Moumouni fi gun alùpùpù wá a lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, Mísà parí. Étienne ti fọ alùpùpù rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀wù mímọ́. Sévérin sọ fún Mọ̀npẹ́ẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun lọ lónìí. Mọ̀npẹ́ẹ̀ wo orúnkún rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

“Étienne á máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn,” ni Mọ̀npẹ́ẹ̀ wí. “Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ lórí òkè yẹn, Mẹ́tìrì, ẹ gbé àpò náà fún un.”

“Bí mo bá bọ́ sílẹ̀, èmi fúnra mi ni màá gbé e fún un.”

Ó jáde kúrò ní Bantè, àpò funfun ń lu àyà rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ń gbọ́ alùpùpù lẹ́yìn rẹ̀, tí kò sún mọ́ ọn, tí kò sì jìnnà. Àwọn èèyàn ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí òkè bẹ̀rẹ̀, ó tẹ ara síwájú, ó ń tẹ kẹ̀kẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ní ìdajì òkè, ó dẹtí sí orúnkún rẹ̀ bí ẹni ń dẹtí sí ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ṣéènì ń dún wẹ́rẹ́, òkè ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí kẹ̀kẹ́ fi fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lójijì, tó mọ̀ pé òun ti dé òkè.

Kò wẹ̀yìn. Ó gbọ́ tí alùpùpù Étienne dín ariwo kù, tó yí padà, tó sì gba ọ̀nà Bantè lọ, títí kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀nà tẹ́jú níwájú rẹ̀, aláìsàn mẹ́fà sì ń dúró dè é.