Tábìlì Tí Kò Gbọdọ̀ Lẹ̀ Mọ́ Ògiri

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Fáòsíà ti gbé tábìlì rẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta kan ní Circle, nílùú Accra, kò tíì jókòó pẹ́ tó ìgbà tí omi tíì yóò fi hó. Yóò fìdí kan àga, yóò tún dìde. Yóò to àwọn ẹ̀mú kéékèèké rẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, yóò tún kó wọn lọ sọ́wọ́ òsì. Irin tó fi ń yọ́ òjé wà níbẹ̀, mítà tó fi ń wò ó bóyá iná ń kọjá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, èyí tó wọ́n jù nínú gbogbo wọn, náà wà níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí lórí tábìlì náà ni ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ó ti ta bísíkíìtì àti mílíìkì inú agolo ní Tudu fún ọdún méjìlélógún kó tó lọ kọ́ àtúnṣe fóònù lọ́dọ̀ Kwabena, ọ̀dọ́kùnrin tí òun fúnra rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá jù lọ. Ọ̀gá ni Fáòsíà ń pè é. Kwabena náà ń pè é ní Máàmí, àfi tí inú rẹ̀ bá dùn ló máa ń pè é ní Alata, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Ghana. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán, Kwabena fún un ní abẹ́ àtẹ̀gùn yìí àti fóònù mẹ́ta tó ti kú, tí ẹ̀yà kékeré tó ń gba iná sínú wọn ti jó. Ó ní bó bá jí méjì, ó kéré tán, kó tó di ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta, gbogbo iṣẹ́ abẹ́nú fóònù tó bá pọ̀ jù fún òun yóò máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí i ṣe, ẹlòmíì ń bẹ tó ń wá abẹ́ àtẹ̀gùn, kí Máàmí padà sídìí bísíkíìtì.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún un lórí tábìlì Kwabena. Ṣùgbọ́n níbí, bí òjé bá ti yọ́, tó fi ẹ̀mú gbé ẹ̀yà tuntun tí kò tó ìlàjì hóró ìrẹsì sí àyè rẹ̀, ẹnìkan á sáré gorí àtẹ̀gùn, tàbí kí trotro, ọkọ̀ akérò, bú ramúramù kọjá létí títì. Tábìlì á gbọ̀n, ẹ̀yà á yẹ̀. Bí fóònù kìíní ṣe bà jẹ́ kọjá àtúnṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ní Ọjọ́rú ó ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì, ó gbé òkúta méjì lé e. Pàbó ló já sí.

Kwabena wá wò ó. Ó fi ìka méjì kan pákó náà, ó dúró títí ẹnìkan fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Máàmí, tábìlì yín ń jó azonto," ló wí. "Ẹ fi súkúrù dè é mọ́ ògiri."

Fáòsíà ní òun ti gbọ́. Kò sọ ìdí tí òun kò fi lè ṣe é.

Nílé bàbá rẹ̀ ní Adabraka, kò sí ìṣó kan lára ògiri. Orí àpótí ni aago wà, dígí fẹ̀yìn ti ògiri, bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé tú palẹ̀ ni wọ́n ń sùn lé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Bàbá Àrówólò bá ti kírun dé, á rìn yí ilé ká, á máa gbé ẹrù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ó ṣì ṣeé gbé. Bàbá náà ti tún rédíò ṣe rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni ní 1969, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Tudu, tábìlì rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ògiri bí eyín ṣe lẹ̀ mọ́ èrìgì. Ọdún yẹn ni ìjọba Ghana ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń di ẹrù, òun ń bá súkúrù tó ti dípẹtà jìjàkadì, ó ní òun kò ní fi tábìlì òun sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, tábìlì kò tíì ṣí, irinṣẹ́ kankan kò sì tíì wọ àpò. Ọwọ́ òfìfo ló bá wọ ọkọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó padà wá sí Accra, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan rédíò mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ló fi tọ́ Fáòsíà dàgbà: nílùú onílùú, ẹrù tó bá lẹ̀ mọ́ ògiri ti di ti ògiri.

Ìdí nìyẹn tí Fáòsíà fi ra tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kíká, tí gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ fi gba inú àpótí kan. Bàbá fúnra rẹ̀ ló gbé e wò, tó ní ó dára.

Ní Ọjọ́bọ̀, tábìlì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ̀yà tuntun ta dànù lẹ́nu ẹ̀mú. Fáòsíà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ wò, iyanrìn ló ń kó. Ẹyọ méjì péré ló kù. Ó dìde, ó rìn láàárín èrò títí ó fi dé ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ kan tó ń ta ìṣó. Ó wọlé, ó jáde. Ó lọ débi tí àwọn trotro ti ń pe èrò, ó yí padà. Súkúrù gígùn mẹ́rin ló rà. Ó yá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ògiri lọ́wọ́ káfíńtà, ó lu ihò mẹ́rin. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń pariwo, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń bojú wò, bí ẹni tó ń jalè.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó gbé gbogbo ara lé tábìlì náà. Kò mira. Kí oòrùn tó kan àtàrí, fóònù kejì ti tan iná.

Ẹkẹta ló wà níwájú rẹ̀, òjé ti ń dán bí omi, nígbà tó rí jalabíà funfun ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Bàbá kì í wá sí Circle, ó ní èrò ibẹ̀ ń tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ ni, ẹrù kan sì wà níta tí kò tíì gbé wò lọ́sẹ̀ yìí. Àgbàlagbà náà kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di etí tábìlì mú, ó gbé e. Tábìlì kò gbéra. Ó tún ẹsẹ̀ tò, ó tún gbé e.

Bí Fáòsíà bá gbójú sókè, fóònù ìkẹyìn lọ nìyẹn. Ó mú ẹ̀yà náà, ó gbé e sójú àyè rẹ̀, ó dúró kí òjé fà á bọ̀. Ó pa ẹ̀rọ atẹ́gùn náà. Nígbà náà ló tó wo ojú bàbá rẹ̀.

"Súkúrù mélòó?" ni bàbá bèèrè.

"Mẹ́rin ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ń gbọ̀n ni."

"Mẹ́jọ ni tèmi." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò wá orí súkúrù náà kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mi ò sì fi gírísì sí i. Ṣé ìwọ fi sí i?"

Kò fi sí i. Bàbá jókòó sórí àga tí Fáòsíà kò lè jókòó sí láti ọjọ́ Ajé, ó ní kó lọ wá gírísì wá lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Nígbà tó dé, ó ní kó tú súkúrù kan, kó pa á lára, kó dá a padà, kó tó mú òmíràn. Òun ń fi ẹnu ka ìṣẹ́jú àáyá bó ṣe ń yí i. Kwabena ti dé, ó ti ki iná sínú fóònù kẹta, fóònù ti tan. Ó ń sọ pé kí Alata wá gba iṣẹ́ mẹ́rin tó ń dúró. Bàbá na ọwọ́ sí i pé kó fara balẹ̀, òun kò tíì kà tán.

"Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ẹyọ kan," ló wí. "Mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́fà." Ó rò ó wò, ó mi orí. "Ìṣẹ́jú mẹ́fà kò burú. Máa tú u wò ní gbogbo Jímọ̀."