Ẹ̀kọ́ Ìròyìn Kíákíá

Àwọn tó ń kọ́ gbogbo ayé níṣẹ́ ìròyìn ti dé Ọ̀wọ̀, ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n gba gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbé pátákó ńlá síta, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn yóò kọ́ akọ̀ròyìn bí ìròyìn ṣe ń tètè dé etí ará ìlú. Gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ rédíò ìlú ló rọ́ lọ nítorí sátífíkéètì. Wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa kọrin fúnra rẹ̀.

Qudirat tó ń ṣe ìkéde òwúrọ̀ bá wọn lọ. Bí ọ̀nà oko bá bàjẹ́, òun ni wọ́n ń pè. Tó bá sì ti sọ ọ́ lórí rédíò, gbogbo awakọ̀ ọ̀nà Imoru ti gbọ́. Salahudeen, bàbá rẹ̀, wà lára wọn. Iṣu ló ń kó wá sí Ọ̀wọ̀.

Sylvanus olùkọ́ wọn, tó so táì mọ́rùn nínú ooru, gba fóònù gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tètè gbọ́ ìròyìn, ó sì kọ́kọ́ di wọ́n létí. Ọ̀mọ̀wé mà ni o.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Kò pẹ́ tí fóònù Qudirat fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú apẹ̀rẹ̀. Iwájú ló jókòó sí, ó rí orúkọ Ignatius, àgbẹ̀ tó ń gbé lẹ́bàá afárá Imoru. Ignatius kì í pe èèyàn láti kí i lásán. Qudirat dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n gbé ìpè yìí. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ afárá."

Sylvanus rẹ́rìn-ín. "Ẹ jókòó, màdáámù. Ẹni tó bá jáde kò ní gba sátífíkéètì."

Qudirat wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àwọn ìwé dídán tí wọ́n tò sórí tábìlì, ó sì jókòó. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í lé eku, ṣùgbọ́n Qudirat lé e. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé wọn ò ní pẹ́ parí. Fóònù gbọ̀n títí, ó dákẹ́, Sylvanus sì ń ṣàlàyé pé ìròyìn tó bá pẹ́ ti kú.

Ọ̀sán ni wọ́n tó parí. Wọ́n pín sátífíkéètì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn, kí wọ́n tó dá fóònù padà. Qudirat pe Ignatius.

"Mo pè ọ́ títí," ni Ignatius wí. "Omi ti jẹ ẹsẹ̀ afárá, mo fẹ́ kó o kéde. Bàbá rẹ ń bọ̀ láti òdìkejì, mo pariwo, rédíò ọkọ̀ rẹ̀ ò jẹ́ kó gbọ́ mi. Mo juwọ́ sí i, ó rò pé mo ń kí òun ni. Afárá wó lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù."

Nígbà tí Qudirat débẹ̀, bàbá ṣì lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Sátífíkéètì ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ.

"Rédíò ni mò ń gbọ́ bọ̀ láti Imoru," ni bàbá wí. "Orin ni wọ́n ń kọ ṣáá. Mo ní kò séwu. Bí ewu bá wà, ọmọ mi á ti sọ."