Ẹ̀gẹ́ Tó Ti Kúrò Nínú Ilẹ̀

"Àṣìkẹ́, ṣé ọ̀run ni ọkọ̀ yẹn ti ń bọ̀ ni?"

Hùmúàní, àgbà nínú àwọn obìnrin tó ni oko náà, ló béèrè. Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹ̀gẹ́ wà ní òkìtì-òkìtì lẹ́yìn wọn, wọ́n fi ewé bò ó nítorí oòrùn.

Ní Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, létí bọ́dà, wọn kì í wú ẹ̀gẹ́ bí oníbàárà kò bá tíì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ oko. Ṣùgbọ́n Àṣìkẹ́, ọmọ ìlú wọn tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló mú irú ẹ̀gẹ́ tuntun yìí wá. Òun ló sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ń bá yunifásítì ṣiṣẹ́ pọ̀ yóò kó gbogbo rẹ̀. Lánàá, ó pè wọ́n pé, "Ẹ wú u, ọkọ̀ ti ń bọ̀." Wọ́n gbà á gbọ́.

Fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nàfíù, ni. Àṣìkẹ́ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọkọ̀ kò wá mọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, wọn ò jẹ́ kí epo dé ọ̀dọ̀ yín. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ò lè rán ọkọ̀ síbi tí kò ti ní rí epo tí yóò fi padà."

"Kí ni kí n wí fún wọn, sà?"

"Má tíì wí nǹkan kan. Ọ̀la la máa fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ náà, àwọn oníròyìn ń bọ̀. Ṣáà ní kí àwọn àgbẹ̀ náà ní sùúrù di ọ̀túnla. O sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbéga rẹ wà lọ́wọ́ wa."

Àṣìkẹ́ ṣẹ́ ẹ̀gẹ́ kan wò. Ilà dúdú ti ń yọ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá rẹ lónìí lè di láfún. Bó bá di ọ̀túnla, ewúrẹ́ pàápàá kò ní jẹ ẹ́. Ó gbàdúrà ṣókí, kò sì rí ọ̀rọ̀ dídùn kankan tí yóò fi bo òtítọ́ náà.

"Màmá," ló wí fún Hùmúàní, "ọkọ̀ kò wá mọ́. Kò ní wá lónìí, kò ní wá lọ́la. Ẹ jẹ́ ká bẹ èyí tó ṣì dára, ká rẹ ẹ́."

Ìyá Rọ́fíàt, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, fi ìborí bojú.

"Gbogbo ilẹ̀ wa la fi gbin nǹkan rẹ," ni Hùmúàní wí. "A ò gbin àgbàdo. Kí la máa jẹ kí òjò tó dé?"

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Ọlọ́run ni kó o sọ ìyẹn fún."

Fóònù tún ń dún. Àṣìkẹ́ pa á. Hùmúàní kò sún fún un lórí ẹní tó jókòó lé, nítorí náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀gẹ́.