Ọjọ́ Ìbí Tí Ẹ̀rọ Kọ̀

Ní ọdún 1988, mo jókòó síwájú ordinateur, ìyẹn kọ̀ǹpútà, kan ṣoṣo tó wà ní ọ́fíìsì wa ní Dassa, mo ń kọ ìlànà tí yóò máa yẹ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò wò. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ni mo fi kọ́ ara mi. Oṣù kò gbọdọ̀ ju méjìlá lọ. Ọjọ́ kò gbọdọ̀ ju iye tí oṣù náà ní. Oṣù kejì kì í ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àfi lọ́dún tí mẹ́rin bá pín láìṣẹ́kù. Ìlà mẹ́jọ péré, iṣẹ́ rẹ̀ sì dùn mọ́ mi.

Orúkọ tí kò bá yege kò ní bá ìwé lọ sí olú ìlú lọ́sàn-án yẹn.

Mo tẹ ti Blandine, ọmọ mi kan ṣoṣo, bó ṣe wà nínú ìwé ìbí rẹ̀: 29 février 1977, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì. Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, torí mẹ́rin kò pín 1977 láìṣẹ́kù.

Léonard tá a jọ ń ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. “Camarade Eustache, ẹ̀rọ rẹ yìí lágídí ju ìyá ìyàwó mi lọ! Tẹ méjìdínlọ́gbọ̀n, kíá ni yóò gbé e mì.”

Òótọ́ ni, ì bá gbà á.

Lọ́dún 1977 tí wọ́n bí i, Savè ni mo wà, mò ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejì ni iṣẹ́ parí. Mi ò padà sílé. Mo dúró láti tú ẹ̀rọ mìíràn palẹ̀, kí n lè mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo dé ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ. Odile, ìyàwó mi, ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tó ti bímọ, kò sì sẹ́ni tó gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó kú.

Níbi tí mo ti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀, mo ń sunkún, mo yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́jọ, mo ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kejì ni, mo sì pè é ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi tu ara mi nínú: ẹnu iṣẹ́ ni mo ṣì wà nígbà tó ń rọbí.

Wàyí o, ní ọ́fíìsì, mo na ìka mi. Bí a bá ń ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a kì í fo ọjọ́ ìbí. Òun gan-an ni ọjọ́ kìíní. Mo kà á padà sẹ́yìn láti orí mẹ́jọ. Ìka tó kẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù kẹta.

Iṣẹ́ ti parí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ǹ bá ti wà nílé.

“Kí lo tún ń kà? Wọ́n ń dúró de ìwé o!”

“Jẹ́ kí n kà á dáadáa, Léonard.”

Bí mo bá tẹ méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀rọ kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n irọ́ mi ni ọmọ náà yóò máa gbé kiri títí ayé. Mo tẹ 1 mars 1977. Ẹ̀rọ gbà á.

Orúkọ Blandine bọ́ sí ipò kẹtàdínlógún lórí ìwé tó ń lọ sí olú ìlú. Ó rí ìjókòó gbà nínú ìdánwò. Nígbà tí mo fi ẹ̀dà ìwé náà hàn án nírọ̀lẹ́, ó dì mọ́ mi.

“Bàbá, ẹ ṣeun.”